Oníṣẹ́ abẹ ní kí màmá mi gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, ná kó tó gé kókó ọyàn wọn, ṣé kì í ṣe pé ó ti jọ̀wọ́ wọn ni?

Ọmọ_Òkèlélé

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, láti àná ni mi ò ti rí oorun sùn.

Màmá mi ni, ọmọ ọdún 58, Òmù-Àrán ni wọ́n ń gbé, èmi wà n'Ílọrin níbí. Kókó kan wà lọ́yàn òsì wọn, ó ti tó oṣù méje kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ sí i, torí pé kò dùn wọ́n, wọ́n ní àwọn rò pé wàrà tó dì síbẹ̀ láti ayé ọmọ títọ́ ni. Ìgbà tí àbúrò mi lọ kí wọn nígbà Iléyá tó ń bá wọn fọ ẹ̀yìn ló rí i pé awọ ọyàn yẹn ti ń sún kì, ó rí wínníwínní bí èèpo ọsàn, orí ọmú náà ti wọlé.

Mo lọ gbé wọn wá sí ọsibítù. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ló rí wọn. Ká sòótọ́ ó fara balẹ̀, ó fọwọ́ yẹ ọyàn méjèèjì wò, ó wo abẹ́ abíyá, ó wo ọrùn, ó fi abẹ́rẹ́ tó nípọn bu ẹran fíntínní níbi kókó yẹn ó fi ránṣẹ́ sí lábù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ èsì dé, jẹjẹrẹ ni. Mo ti ń ṣe ọkàn gírí fún tíátà, mo ti ń ka àwọn tí màá yá lówó, àfi bó ṣe ní rárá, òun ò ní gé nǹkankan báyìí, kí wọ́n lọ gba kímò ìgbà mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn, lẹ́yìn ìyẹn lòun máa tó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ilé wá dàrú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà l'Ọ́fà ní dókítà ti rí i pé ẹ̀pa ò bóró mọ́, pé ó kàn ń fi kímò tù wá nínú ni. Bùọ̀dá mi ní kàkà bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ló yọ wá, pé jẹjẹrẹ kì í fẹ́ ọ̀bẹ, tí ọ̀bẹ bá ti kàn án báyìí ńṣe ló máa bínú tó máa fọ́n káàkiri ara. Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ náà ní tí oníṣẹ́ abẹ ò bá ní gé nǹkan kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ti gbé àgbo dé láti Ọjà Ìpàtà, ó wà ní kọ̀rọ̀ kíṣìnnì tí mò ń wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí gan-an ni oníṣẹ́ abẹ ń ṣe lọ́rọ̀ jẹjẹrẹ? Ṣé ó ti jọ̀wọ́ màmá mi ni àbí ó mọ ohun tó ń ṣe? Ojú mi ni màmá ń wò pé kí n sọ èwo ni ká ṣe.

ÌyáÌbejì_Ọ̀fà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Èmi ti ní in rí. Ọyàn ọ̀tún ni tèmi, 2017, èmi náà rèé tí mò ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹ yìí, torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Oníṣẹ́ abẹ tó bá sáré gé ni kó o bẹ̀rù, kì í ṣe èyí tó ní ká ṣe sùúrù. Ìgbà tí kókó tèmi kọ́kọ́ yọ kò ju ẹ̀wà lọ, wọ́n júwe ilé ìtọ́jú kékeré kan fún mi, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Dókítà ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kókó lásán ni, kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú, ó gé e, kò tó wákàtí kan mo ti wà lórí ọ̀kadà tí mò ń lọ sílé. Inú mi dùn bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́. Kò mú ẹran yẹn lọ sí lábù kankan, inú ike ìdalẹ̀ ni mo rí i tí wọ́n jù ú sí, èmi náà ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ó tún yọ, lójú àpá yẹn gan-an, ó ti wá le bí òkúta, òmíràn ti wà lábẹ́ abíyá.

Ìgbà yẹn ni mo tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé nígbà àkọ́kọ́ dà. Mo ní kò sí. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i lójú ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní ká ní wọ́n ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni látìbẹ̀rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò ní yọ ọ́ bí ẹni tẹ eéwo, wọ́n á gé e pẹ̀lú ẹran tó dáa tó yí i ká kí gbòǹgbò má bàa ṣẹ́kù, wọ́n á sì wo abẹ́ abíyá pẹ̀lú.

Kímò ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí mo fi gba ẹ̀ẹ̀kẹta, kókó yẹn ti di ohun tí mò ń fọwọ́ wá kí n tó rí i, èmi tó jẹ́ pé mo máa ń rí i látorí ẹ̀wù tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá gé ọyàn náà àti àwọn kókó abẹ́ abíyá. Wọ́n ní kí n tún lọ gba radiotherapy, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sójú ibi tí wọ́n ti gé e, UCH Ìbàdàn ni mo ti gbà á, ọ̀sẹ̀ 5, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Mọ́kọ́lá ni mo ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn oògùn tamoxifen lójoojúmọ́. Oníṣẹ́ abẹ yìí kan náà ló ń rí mi títí dòní, ó máa ń fọwọ́ wo àpá náà, á wo ọyàn kejì, á bi mí nípa àwọn ọmọ.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo sunkún ọyàn yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì mi ò lè wo díńgí, ó pẹ́ kí n tó lè wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì mi ti wọ yunifásítì báyìí, èmi ni mo bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.

Akọ́ṣẹ́Abẹ_Tánkẹ̀

Ẹ ṣé gan-an Ìyá Ìbejì, ẹ ti sọ ohun tí èmi ò bá fi àkókò gígùn ṣàlàyé. Dókítà ni mí, iṣẹ́ abẹ ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, ọdún kẹrin mi nínú ẹ̀ nìyí. Mi ò rí màmá torí náà mi ò lè sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò, dókítà wọn lẹ máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa awọ tó rí bí èèpo ọsàn yẹn, ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà. Ó túmọ̀ sí pé àìsàn náà ti ń dí àwọn ọ̀nà wẹ́wẹ́ tí omi ara ń gbà kọjá lábẹ́ awọ. Tí oníṣẹ́ abẹ bá gé e lónìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀bẹ gba àárín jẹjẹrẹ kọjá, tàbí kí awọ tó ṣẹ́kù má tó láti fi ran ojú egbò pọ̀. Ohun tí à ń lé ní tíátà kì í ṣe pé ká ṣáà ti yọ kókó, etí ibi tí a gé ló ṣe pàtàkì. Ẹran tí a bá yọ, àwọn tó wà ní lábù máa ń fi tàdáwà kun ẹ̀yìn ẹ̀ yípo, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ tó kan ojú tàdáwà yẹn, a jẹ́ pé ó ṣẹ́kù sára aláìsàn nìyẹn. Kímò tó ṣáájú máa ń jẹ́ kó sún kì, kí ọ̀bẹ lè rí ẹran tó dáa gbà kọjá. Kókó tí kò ṣeé gé máa ń di èyí tó ṣeé gé nígbà míì.

Nǹkan mìíràn tún ni pé ọ̀bẹ ò lè lọ ju ibi tí ojú rí. Èyí tó bá ti já sínú ẹ̀jẹ̀, tó lọ fara pamọ́ síbì kan tí sikáànù ò tíì lè rí, oògùn ló lè bá a débẹ̀. Tí kókó bá ṣì wà lójú ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba kímò, a máa ń rí i bóyá oògùn yẹn ń bá a jà lóòótọ́. Bí kò bá gbọ́ oògùn, àwa tí à ń tọ́jú wọn á tètè mọ̀, a ó pààrọ̀ ẹ̀.

Ọkọ yín bi ìbéèrè tó dáa, kí ni iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ tí kò bá gé. Níbí yìí, àwa lẹni àkọ́kọ́ tí aláìsàn kókó ọyàn máa ń bá pàdé, lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa la ń bu ẹran fún àyẹ̀wò, àwa la ń ní kí wọ́n lọ ya àyà àti ikùn láti mọ ibi tó dé, a ó wá gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn yẹn lọ síwájú àwọn yòókù, dókítà kímò, dókítà radiotherapy, ẹni tó ka ẹran ní lábù, ẹni tó ka fọ́tò, a ó jọ jókòó sọ ọ́ pé èwo ló máa ṣáájú. Ká gé e, ká má gé e, ká gé e nígbà wo, ibo ni ká gé e dé, ọ̀rọ̀ tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ìrònú lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mo rò pé tíátà ni gbogbo ẹ̀, ọ̀gá tó ń kọ́ mi ló máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ ìgbà tí kò yẹ kó gé ni òun lè fọkàn tán pé ó mọ gígé.

Ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ dókítà màmá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2, ìyẹn àwọn àmì kan lára jẹjẹrẹ, lára ẹran tí wọ́n bù yẹn. Ìyẹn ló ń sọ irú jẹjẹrẹ ọyàn tó jẹ́ àti oògùn tó máa gbọ́. Tamoxifen tí Ìyá Ìbejì ń lò, àwọn tí ER tàbí PR tiwọn bá wà ló wúlò fún.

Ní ti gígé gbogbo ọyàn tàbí díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ń bọ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan wà l'Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ William Halsted, láti 1882 ló ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ pé gbogbo ọyàn, iṣan àyà tó wà lábẹ́ ẹ̀, àti gbogbo kókó abẹ́ abíyá ló máa kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò ìgbà yẹn ni pé béèyàn bá ṣe gé púpọ̀ tó ni ọkàn ẹ̀ á ṣe balẹ̀ tó. Ó dín bí jẹjẹrẹ ṣe ń padà yọ lójú ibẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń kú torí pé ó ti dé ibòmíì kí ọ̀bẹ tó dé, àwọn tó sì yè, apá wọn a máa wú, àyà wọn a rí kòtò. Ó tó àádọ́rin ọdún ó lé tí gbogbo ayé fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ bíi tiẹ̀ náà, Bernard Fisher, ló wá sọ pé ká dán an wò ká mọ̀. Láti 1976 ni wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin tí kókó wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ sínú ìwádìí náà, wọ́n gé gbogbo ọyàn fáwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan fáwọn kan, wọ́n yọ kókó fáwọn kan wọ́n sì tún fún wọn ní radiotherapy. Èsì ogún ọdún jáde ní 2002, obìnrin 1,851 ni wọ́n kà, ìdá àwọn tó wà láàyè nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti yọ kókó láìsí radiotherapy, nǹkan bí 39 nínú 100 ló tún yọ nínú ọyàn yẹn, níbi tí radiotherapy ti tẹ̀ lé e, nǹkan bí 14.

Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń bi aláìsàn níbí pé ṣé ẹ máa lè lọ gba radiotherapy kẹ́ ẹ sì parí ẹ̀ tí a bá fi ọyàn sílẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀ ò sí káàkiri, ó lè jẹ́ Ìbàdàn, ó lè jẹ́ Abuja, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣí ní LUTH l'Ékòó ní 2019, owó mọ́tò wà níbẹ̀, ibi tí èèyàn máa sùn wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin kan á ní kí a kúkú gé gbogbo ẹ̀. Fún ẹni tí awọ ọyàn ẹ̀ ti yí padà bíi ti màmá, gígé gbogbo ẹ̀ náà la sábà máa ń ṣe, radiotherapy a sì tún tẹ̀ lé e.

Abú_Fàtímọ̀

Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbàjà, inú ń run wọ́n, wọ́n ń rù, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ tíátà, wọ́n là wọ́n nínú, wọ́n tún un rán padà láìyọ nǹkankan, kò pé oṣù méjì wọ́n ti kú. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀bẹ kọ́. Àwọn ọmọ wọn ò tíì gbà títí dòní pé kì í ṣe atẹ́gùn tó wọlé sí i ló mú un tàn.

Akọ́ṣẹ́Abẹ_Tánkẹ̀

Alhaji, ẹ kú ìpàdánù o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí aljánà.

Mo ti dúró létí tábìlì tíátà nígbà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Sikáànù á ti sọ pé ibì kan ni, a ó là á, a ó wá rí i pé ó ti ta ká gbogbo awọ inú ikùn bí ẹni fọ́n ọkà bàbà sílẹ̀, wóróńwóró tó kéré débi pé fọ́tò ò lè mú un. Tí ọ̀gá bá gé ìfun kan yọ níbẹ̀, ojú egbò yẹn lè má jiná, ọjọ́ díẹ̀ tó kù fún aláìsàn á wá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó máa tún un rán. Gbogbo yàrá yẹn máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Àìsàn yẹn ti wà níbẹ̀ kí ọ̀bẹ tó débẹ̀, òun náà ló ń mú wọn rù kẹ́ ẹ tó gbé wọn kúrò nílé. Atẹ́gùn kì í mú jẹjẹrẹ tàn.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi gbilẹ̀ láàárín wa ni pé ẹ̀yìn ìgbà tó ti kọjá agbára ni ọ̀pọ̀ ń wá, a ṣe iṣẹ́ abẹ, àìsàn gba ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ lọ, ojú ọ̀bẹ ló sì gbẹ̀yìn tí gbogbo ilé rí. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀ o, mo gbà. Ó yẹ kí ẹnì kan ti pe àwọn ọmọ wọn jókòó kí wọ́n tó wọ tíátà kó sọ fún wọn pé ó lè ṣẹlẹ̀ báyìí, kí dókítà sì tún fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó rí fún wọn nígbà tó jáde. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ilé á fúnra wọn wá ìdí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí bùọ̀dá Ọmọ Òkèlélé sọ nípa kí ọ̀bẹ máa fọ́n jẹjẹrẹ, ohun tó tiẹ̀ sún mọ́ òótọ́ nínú ẹ̀ ni irú èyí tí wọ́n ṣe fún Ìyá Ìbejì, kí èèyàn gé e láìmọ ohun tó ń gé kó sì fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Bàbá mi ni, jẹjẹrẹ próstéètì, ẹran kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ìgbà tí a mọ̀, ó ti dé eegun ẹ̀yìn, wọn ò lè dìde kírun mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń kí i, òru ni wọ́n ń kígbe. Oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ tó rí wọn kò sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ gé próstéètì rárá, ó ní òun fẹ́ yọ kórópọ̀n wọn méjèèjì. Háà. Bàbá mi dìde ńlẹ̀ tòun ti ìrora, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi kọ̀, wọn ò jẹ́ kí a dárúkọ ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Èmi náà ò lóye ẹ̀, àìsàn wà lókè o fẹ́ lọ gé nísàlẹ̀. Dókítà yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé jẹjẹrẹ próstéètì, èròjà ọkùnrin tí kórópọ̀n ń ṣe ni oúnjẹ ẹ̀, tí a bá gbọ́n oúnjẹ yẹn kúrò, àìsàn náà á sún kì ní gbogbo ibi tó bá wà, títí kan inú eegun tí ọ̀bẹ ò lè dé. Ó ní láti 1941 ni oníṣẹ́ abẹ kan ní Chicago, Charles Huggins, ti fi hàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1966. Abẹ́rẹ́ wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kan náà, ṣùgbọ́n àìdákẹ́ ni wọ́n ń gbà á, owó ẹ̀ ò sì ṣeé fẹnu sọ fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ààfáà mọ́sálásí wa ló bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà. Iṣẹ́ abẹ yẹn ò pẹ́ rárá, ọjọ́ kejì a ti gbé wọn délé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀yin yẹn ti rọlẹ̀ débi pé wọ́n dìde wọ́n kírun Súbúhì lórí ìdúró, ìyá mi bú sẹ́kún nínú yàrá. Kò lọ pátápátá o, wọ́n sọ fún wa pé kò ní lọ pátápátá, ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n lò sí i. Wọ́n lọ sóko wọn nínú ọdún mẹ́ta yẹn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn fa ọmọ méjì fọ́kọ.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ lè wà tí kì í ṣe pé ó fẹ́ mú àìsàn kúrò, tó jẹ́ pé kí ara ṣáà ti tu èèyàn ni.

Nọ́ọ̀sìTíátà_Fẹ̀yìntì

Ọdún 27 ni mo fi wà ní tíátà kí n tó fẹ̀yìn tì, Gaa Àkàǹbí ni mo wà báyìí. Ọmọ mi, àwọn dókítà ti sọ tiwọn, jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í rántí sọ.

Kí gbogbo kímò tó parí ni kẹ́ ẹ ti máa wá ẹlẹ́jẹ̀, torí ọjọ́ tíátà ni mọ̀lẹ́bí máa ń sá kiri. Kímò máa ń mú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, tó bá lọ sílẹ̀ wọ́n lè sún un síwájú, ẹ má rò pé wọ́n ń fi yín ṣeré. Tí ibà bá mú màmá nígbà tí wọ́n ń gbà á, ì báà jẹ́ òru, ẹ má fún wọn ní oògùn ibà nílé kẹ́ ẹ wá sùn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, torí ara wọn ò ní lágbára láti bá kòkòrò jà nígbà yẹn. Àgbo yẹn, jọ̀ọ́ má jẹ́ kí wọ́n mu ún pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kan náà ló máa gbé méjèèjì.

Tí wọ́n bá ti gé e tán, wọ́n á fi rọ́bà kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi ojú egbò á máa gbà jáde sínú ike, ẹ máa kọ iye tó jáde lójoojúmọ́ sílẹ̀, òun ni dókítà máa wò kó tó yọ ọ́. Apá yẹn nkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwọn ìyá wa jà. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á so apá mọ́ àyà bí apá tó dá, lẹ́yìn oṣù méjì kò ní lè gbé gèlè dé orí mọ́. Tí dókítà bá ti ní ó tó, kí wọ́n máa fi ìka rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀ gòkè láàárọ̀ lálẹ́. Kí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn má ru omi, kí wọ́n ṣọ́ ọ lọ́wọ́ iná àti ọ̀bẹ ìdáná, torí kókó abẹ́ abíyá tí wọ́n kó, apá yẹn lè wú tí egbò bá wà níbẹ̀. Tó bá ti ń wú, kí wọ́n padà lọ bá oníṣẹ́ abẹ yẹn, kí wọ́n má jókòó sílé pé bóyá á lọ.

Kó o wá tó bínú sí dókítà yẹn, padà lọ bá a, mú ọkọ ẹ àti bùọ̀dá ẹ dání, kó ṣàlàyé fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ_Òkèlélé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. A padà lọ ní Tọ́sìdeè, àwa mẹ́rin, bùọ̀dá mi náà tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ojú líle. Dókítà ò bínú rárá. Ó ya ọyàn sórí bébà, ó ya kókó, ó fi bírò pupa yí ibi tí òun máa gé lónìí ká, ó fi búlúù yí ibi tí òun máa gé tó bá ti sún kì, ó ní ẹ wò ó fúnra yín. Bùọ̀dá mi gba bébà yẹn, ó wò ó títí, ó ká a sápò, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ ER àti PR, wọ́n ti ṣe é, méjèèjì wà, HER2 ni kò sí. Fọ́tò àyà àti sikáànù ikùn mọ́, alhamdulillah. Màmá dákẹ́ látìgbà tí a ti wọlé, nígbà tó yá ni wọ́n wá bi í pé ṣé ìwọ lo máa gé e fúnra ẹ nígbà tó bá yá, àbí o fẹ́ fà mí lé ẹlòmíì lọ́wọ́? Ó ní òun ni, òun á máa rí wọn láàárín kímò náà kóun lè máa wọn kókó yẹn. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán.

Alhaji Abú Fàtímọ̀, mo ro ọ̀rọ̀ yín gan-an, mo gbàdúrà fún wọn. Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀ ni kímò àkọ́kọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dì sínú báàgì fún wọn?

ÌyáÌbejì_Ọ̀fà

Ìborùn tó nípọn àti ìbọ̀sẹ̀, tútù yàrá yẹn kì í ṣe kékeré. Ata-ilẹ̀ tí wọ́n á máa jẹ lẹ́nu fún èébì, tí dókítà bá gbà á láyè, àti omi púpọ̀. Ògì ló máa ń dúró nínú mi lọ́jọ́ kejì, ẹ má fi ẹran dídín lọ̀ wọ́n rárá, òórùn ẹ̀ lásán á lé wọn kúrò nílé. Bá mi fi nọ́ńbà màmá ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, màá pè wọ́n lálẹ́ Túsìdeè.